Ìṣẹ́jú 38, Ìṣẹ́jú 51: Ohun Tí Olùgbọ́ Ń Fi Wéra Nínú Àwọn Àwo Bach Àtijọ́

Nínú gbogbo àwo orin píánò tí àwọn olùgbọ́ máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti fi dá ẹjọ́, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó gbajúmọ̀ tó méjì tí Glenn Gould, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣe lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ náà ni Goldberg Variations, tí Johann Sebastian Bach tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1741. Gould gba èkíní sílẹ̀ ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ó gba èkejì sílẹ̀ ní 1981 nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan náà, ilé ìjọsìn àtijọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ Columbia sọ di ibi iṣẹ́. Kété lẹ́yìn tí àwo kejì yìí jáde ni ó kú, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982. Àwo kìíní gba bí ìṣẹ́jú 38. Èkejì gba bí ìṣẹ́jú 51. Láàrin nọ́ńbà méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbéléwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ sì ń parí sí. Wọ́n ní ọ̀dọ́ sáré, àgbà rọra rìn. Wọ́n ní ìgbóná ara ló wà nínú ti àkọ́kọ́, pé ìrònú ikú ló wà nínú ti ìkẹyìn.

Ìṣirò yẹn kò pé. Orin kan tí Bach pè ní Aria ni ó ṣíde iṣẹ́ náà. Àyídà 30 tẹ̀lé e, gbogbo wọn dúró lórí ìpìlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni Aria padà wá láti pa orin náà dé. Apá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, Bach sì fi àmì àwítúnwí sí àwọn apá náà. Ní 1955, Gould kò tún ìkankan wí. Ní 1981, ó tún apá kìíní nínú àwọn àyídà kan wí, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí já sí pé lára ìṣẹ́jú 13 tí ó wà láàrin àwo méjèèjì, apá kan jẹ́ ti ìrìn tí ó fà, apá kan sì jẹ́ ti àwítúnwí, tí kò kan ìyára rárá. Rosalyn Tureck, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí Gould fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun rí ẹ̀kọ́ kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gba iṣẹ́ kan náà sílẹ̀ ní 1957 pẹ̀lú àwọn àwítúnwí, ó sì lé ní wákàtí kan ààbọ̀. Lóòótọ́, Tureck kì í kánjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé wákàtí kan ààbọ̀ síwájú ìṣẹ́jú 38, tí ó wá ní obìnrin náà fi ìlọ́po méjì falẹ̀ ju Gould lọ, odidi àlọ́ ni ó ń fi wé àlọ́ tí wọ́n ti gé ìdajì rẹ̀ sọnù.

Ibi tí ìfiwéra ti lè dúró ṣinṣin ni Aria àkọ́kọ́, nítorí pé Gould kò tún apá kankan wí níbẹ̀ nínú àwo méjèèjì. Kò pé ìṣẹ́jú méjì ní 1955. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 1981. Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ ibi tí gbólóhùn rẹ̀ yóò parí sí kí ó tó la ẹnu. Àwọn ọ̀ṣọ́ kéékèèké tí Bach kọ sára orin náà ń kọjá fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ti ìkẹyìn, ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a gbé kalẹ̀ bí ẹni ń to òkúta odò, olùgbọ́ sì ń dúró de èyí tí yóò tẹ̀lé e. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Kò yani lẹ́nu pé ọdún 26 yí ọwọ́ ènìyàn padà. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún ìyípadà náà. Gould ṣàlàyé nígbà ayé rẹ̀ pé ohun tí òun ń wá nígbà kejì ni ìlù inú kan ṣoṣo tí yóò so Aria àti àwọn àyídà pọ̀, tí ìyára ọ̀kan yóò fi bá ti èkejì tan bí ẹbí. Bí a bá gba àlàyé yìí, ètò gbogbo iṣẹ́ náà ló mú Aria falẹ̀, kì í ṣe ìbànújẹ́. Nígbà tí ó jókòó sórí àga kúkurú rẹ̀ ní 1981, òun àti àwọn tí ń yí ẹ̀rọ fún un kò mọ̀ pé ọdún tí ó tẹ̀lé e ni yóò kú. Ìró ikú tí àwọn olùgbọ́ ń gbọ́ nínú àwo náà, ìwé ìròyìn ni ó gbé e dé etí wọn, píánò kọ́.

Kí wá ni ìwé orin sọ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹlẹ́rìí? Orin ìṣíde àkọ́kọ́ nínú ìwé kìíní Das Wohltemperirte Clavier, tí ọdún 1722 wà lára rẹ̀, tó láti fi dáhùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ave Maria tí Gounod, ará Faransé, ṣe, ti mọ orin yìí láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, nítorí pé orí rẹ̀ gan-an ni Gounod gbé ohùn orin tirẹ̀ lé. Ìwọ̀n 35 ni Bach kọ, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ń tẹ̀lé: ohùn mẹ́jọ tí ń gùn láti ìsàlẹ̀ bí àkàbà, lẹ́yìn náà, ohùn mẹ́jọ yẹn kan náà. Kò sí àmì ìyára níbẹ̀. Kò sí àmì líle tàbí àmì pẹ̀lẹ́. Kò sí ohun tí ó sọ bóyá kí a so àwọn ohùn náà pọ̀ tàbí kí a já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òǹkàwé Yorùbá mọ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun ni ojú ìwé tí kò ní àmì ohùn, níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti jọ ara wọn, tí òǹkàwé fi gbọ́dọ̀ mú ohùn wá láti inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìfiwéra yìí má tan ènìyàn jẹ. Lójú ìwé Yorùbá, àyíká ọ̀rọ̀ sábà máa ń fi ọ̀kan ṣoṣo hàn gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ka ọkọ́ sí ibi tí ọkọ̀ yẹ kí ó wà ti ṣìnà. Nínú orin ìṣíde yìí, ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tọ̀nà papọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀ sì ti gbìyànjú láti dí àlàfo náà. Ní 1837, Carl Czerny gbé ẹ̀dà ìwé náà jáde pẹ̀lú àmì ìyára àti àmì líle-pẹ̀lẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i, ẹ̀dà yìí sì wà lórí píánò àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ fún ìran púpọ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ mìíràn, odidi ìwọ̀n kan tí Bach kò kọ rí ti wọ inú orin náà. Ẹ̀dà tí ó ní àlékún yìí ni Gounod bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí olùgbọ́ bá ní atẹpíánò ọdún 1930 kan kò bọ̀wọ̀ fún ìwé, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í ni pé ìwé wo.

Ẹ gbọ́ ọwọ́ mẹ́ta lórí orin ìṣíde náà. Edwin Fischer, ará Switzerland, so àwọn ohùn rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú pẹ́dà títí wọn yóò fi dàbí èémí ẹnì kan ṣoṣo. Ìka kò hàn, ohùn ni ó hàn. Sviatoslav Richter, tí ó gba tirẹ̀ sílẹ̀ ní Salzburg ní 1970, wà nínú yàrá ńlá tí ń dáhùn padà, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ débi pé yàrá náà gan-an di apá kan nínú orin. Gould, láàrin àwọn ọdún 1960, ṣe ohun tí ó bí àwọn kan nínú: ó di àwọn ohùn ìsàlẹ̀ mú, ó sì ń já àwọn tòkè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa ẹ̀pà. Olùgbọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ Fischer sábà máa ń rò pé Gould ń fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́; ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ Gould a sì máa rò pé Fischer da omi sí i. Èyí tí ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ ni ó ń di ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń dá lórí òótọ́ àti ìṣìnà, ẹjọ́ lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé etí ni.

Èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ tí ó mú fún iṣẹ́ yìí ju gbólóhùn bí "ó dára" àti "kò dára" lọ. A ń lu ìlù, a ń ta gìtá, a ń tẹ dùùrù. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta tí ohùn fi ń jáde. Nígbà tí Bach ń kọ Goldberg, ohun èlò tí ó dárúkọ lójú ìwé àkọ́kọ́ ni harpsichord onípele méjì. Ìka ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní inú rẹ̀, ìgè kékeré kan ni ó ń ta okùn. Inú píánò kò rí bẹ́ẹ̀: òòlù onírun ni ó ń lu okùn. Ìka kan náà, títẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n títa ni ọ̀kan, lílù ni èkejì. Akin Euba ti jiyàn, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìlànà píánò ti ilẹ̀ Áfíríkà, pé ó yẹ kí a gba lílù yìí gẹ́gẹ́ bí ìwà ohun èlò náà kí a má fi í pamọ́. Lọ́nà yìí, a lè sọ ohun tí ó ya àwọn atẹpíánò mẹ́ta wọ̀nyẹn láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fischer ń fi ohun tí a ń lù kọrin. Gould ń fẹ́ kí ohun tí a ń lù dún bí èyí tí a ń ta. Richter jẹ́ kí lílù náà jìnnà débi pé àwòjìji rẹ̀ nìkan ni a gbọ́.

Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí píánò bọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí rárá, pé harpsichord nìkan ni ó bá Bach mu. Ẹjọ́ yìí kò gba àkókò. Clavier tí ó wà nínú orúkọ ìwé 1722 kò dárúkọ ohun èlò kan ṣoṣo. Ohun gbogbo tí a ń fi ìka tẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ní 1747, Bach fúnra rẹ̀ tẹ àwọn píánò tí Silbermann ṣe fún ọba ní Potsdam. Bẹ́ẹ̀ náà ni harpsichord tí Wanda Landowska fi gba Goldberg sílẹ̀ ní Paris ní 1933, tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ gbà bí ohùn ayé àtijọ́, jẹ́ ohun èlò ńlá tí ilé-iṣẹ́ Pleyel ṣe ní ọ̀rúndún 20, pẹ̀lú ẹsẹ̀ pẹ́dà tí yóò ya Bach lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ẹ̀rọ. Láàrin 1933 àti 1936, Fischer gba gbogbo orin ìṣíde àti fúùgì 48 sílẹ̀ ní Abbey Road, London, lábẹ́ àmì His Master's Voice. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti san owó sílẹ̀ ni wọ́n sì ṣe àwọn àwo náà fún. Ojú àwo kan nígbà náà kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ lọ. Àwo náà ń yípo ní nǹkan bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, àwọn ilé-iṣẹ́ kò sì fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé ìyára kan ṣoṣo, pàápàá ṣáájú 1925 tí iná mànàmáná kò tí ì wọ iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ bá yípo ní ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún ju bí ó ṣe yẹ lọ ní ìṣẹ́jú kan, orin náà yóò gòkè láti eyín píánò kan sí èyí tí ó tẹ̀lé e gan-an, yóò sì yára pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ariwo abẹ́rẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ fọ ariwo náà kúrò kò lè ṣe é láìfọ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ orí ohùn píánò dànù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó kù a máa ṣú, olùgbọ́ a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìka Fischer rọ̀, pé ohùn rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ̀dà méjì tí onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ṣe láti ara àwo kan náà lè bí Fischer méjì. Àgbọ́ìgbọ́tán ni, olùgbọ́ kò sì mọ̀ pé kò gbọ́ tán.

Ẹ̀rọ lè ju èyí lọ. Nínú àròkọ kan tí Gould tẹ̀ jáde ní 1966, ó sọ bí wọ́n ṣe ṣe fúùgì A minor inú ìwé kìíní. Nínú ìgbìyànjú mẹ́jọ, ìkẹfà àti ìkẹjọ ni kò ní àṣìṣe. Ọ̀kan so ohùn pọ̀, èkejì ń já a. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì súni bí a bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gé wọn, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀: ìkẹfà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ìkẹjọ ní àárín. Àwo tí ó jáde dára ju méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó tẹ fúùgì náà bí àwo ṣe gbé e. Olùgbọ́ tí ó bá yin ìṣọ̀kan èrò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣìnà; ó kàn yẹ kí ó mọ̀ pé lórí tábìlì ìgé-téèpù ni èrò náà ti ṣọ̀kan.

Kí ni èyí kan ìmọ̀ Yorùbá? Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo ní London fún Zonophone. Zonophone wà lábẹ́ Gramophone Company, ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó ni àmì tí àwo Fischer jáde lábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ohùn wọ̀nyí gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ewu kan náà ni wọ́n sì kọjá. Ìyàtọ̀ kan wà síbẹ̀ tí ó yẹ kí ó ká àwọn onímọ̀ lára. Bí àwo Fischer bá ń yára jù, ìwé orin wà tí yóò tú u fó: ohun tí ó yẹ kí ó wà ní C yóò máa dún ní C♯, ẹni tí etí rẹ̀ mú yóò sì dá ẹ̀rọ dúró. Ìjálá, rárà tàbí ẹkún ìyàwó tí a gbà sílẹ̀ láìsí ohun èlò kankan kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní bàjẹ́, nítorí pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nípa àlàfo tí ó wà láàrin wọn, gbogbo wọn ni yóò sì jọ gòkè. Èyí gan-an ni ó léwu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì yé ni, kò sẹ́ni tí yóò fura pé ohùn arúgbó ti di ti ọ̀dọ́, pé ìrìn ìjálá tí ó rọra ti di ti ẹni tí ń kánjú. Onímọ̀ tí ó bá kọ̀wé lórí bí àwọn apohùn ìgbà yẹn ṣe máa ń yára, láìsọ ìyára tí ó fi yí àwo, wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn tí ń fi ìṣẹ́jú 38 wé ìṣẹ́jú 51.

Ó ṣẹ́ ku ìbéèrè nípa ta ni ó yan àwọn tí a ń fi wéra. Ní 1942, Claudio Arrau, ọmọ ilẹ̀ Chile, gba odidi Goldberg sílẹ̀ lórí píánò fún ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà. Wọn kò gbé e jáde. Ní 1945, ilé-iṣẹ́ kan náà gba Landowska sílẹ̀ lórí harpsichord pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà, ìyẹn sì jáde. Nígbà tí àwo Gould dé ọjà ní 1956, tí gbogbo ayé ń sọ pé kò sí ẹni tí ó ti ronú pé píánò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Goldberg, ti Arrau ti wà nílẹ̀ fún ọdún 14. Ọdún 1988 ni ó tó jáde. Gould ti kú ní ọdún mẹ́fà ṣáájú; Arrau wà láàyè, ó ti di ẹni ọdún 85.